Ọmọ kan náà, lẹ́sìnnì mẹ́rin: ṣé ká dá òmíràn sílẹ̀ ní Jikwoyi ni, àbí ká so èyí tó wà pọ̀?

Ìyá_Jikwoyi:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò kí ẹgbẹ́ wa tó ná kọ́bọ̀ lé e lórí. Ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá àdúgbò wa ní Jikwoyi, ní Àbújá níbí, fẹ́ dá lẹ́sìnnì ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí òbí wọn ò lágbára: ọmọ Yorùbá, ọmọ Gbagyi, ọmọ Haúsá, ọmọ Tiv, ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti ń bá wa gbé. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Àmọ́ nígbà tí mo lọ wo ohun tó wà nílẹ̀, mo rí i pé lẹ́sìnnì ò wọ́n ládùúgbò yìí. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ń kọ́ àwọn ọmọ nírọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Ilé-kéwú ń gbà wọ́n láti Sátidé títí di Ọjọ́rú lẹ́yìn ìrun Àìlà. Àwọn àgùnbánirọ̀ máa ń wá lọ́jọ́ CDS wọn, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ fún ìlú. Tíṣà kan sì tún ń ṣe tirẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ wọ JSS.

Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ẹni tó mọ ohun tí ẹnì kejì ń ṣe. Àwọn ọmọ kan wà tí gbogbo wọn jọ ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Àwọn kan sì wà lójú títì tó lọ sí Nyanya pẹ̀lú píọ̀ wọ́tà lórí, tí ẹnikẹ́ni ò dé ọ̀dọ̀ wọn rí.

Ṣé ká dá ìkarùn-ún sílẹ̀ ni, àbí ká fi owó àti agbára wa so mẹ́rin tó wà pọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí ní Kubwa, Kaduna, Kano, Minna, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí i.

Tíṣà_Karu:

Ìyá wa, ẹ kú làákàyè. Ẹ má dá ìkarùn-ún sílẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni mo ti ń kọ́ Pírámárì 5. Nínú kíláàsì mi, ẹ óò rí ọmọ tó lè ka ìwé ìròyìn, ẹ óò sì rí èyí tí ò mọ ìyàtọ̀ láàárín b àti d, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jókòó sí. Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. UNICEF ti sọ ọ́ pé nínú ọmọ mẹ́rin tó wà láàárín ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà, mẹ́ta ni ò lè ka gbólóhùn kékeré kó yé wọn, tàbí kí wọ́n ṣe ìṣirò tí ò le. Torí náà, bí ọmọ Pírámárì 5 bá dé lẹ́sìnnì yín, tí ẹ sì tún gbé iṣẹ́ Pírámárì 5 síwájú rẹ̀, ohun tí ò yé e láàárọ̀ lẹ tún ń sọ fún un lọ́sàn-án. Wákàtí kún un, ìmọ̀ ò kún un.

Ọ̀nà kan wà tí mo gbà gbọ́ gan-an. Àjọ kan tó ń jẹ́ Pratham, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Mumbai ní Íńdíà lọ́dún 1995, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọn kì í pín ọmọ bí ọjọ́ orí tàbí kíláàsì. Ohun tí ọmọ lè kà ni wọ́n fi ń pín in. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo wà lára àwọn onímọ̀ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ iṣẹ́ náà wò bóyá ó ń jẹ́, àwọn méjèèjì sì wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ètò ọrọ̀-ajé lọ́dún 2019. Wọ́n ti ń lo ọ̀nà yìí láwọn ìpínlẹ̀ kan lókè ọya níbí náà.

Àyẹ̀wò rẹ̀ ò gba nǹkan kan ju ìwé pélébé kan. Ẹ jókòó ti ọmọ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ ní kó ka lẹ́tà. Bó bá kà á, ẹ fún un ní ọ̀rọ̀. Bó bá ka ọ̀rọ̀, ẹ fún un ní ìpínrọ̀ kúkúrú, lẹ́yìn náà ìtàn kékeré. Ibi tó bá ti dúró ni kíláàsì rẹ̀ wà, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́tàlá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ tún un yẹ̀ wò, ẹ gbé e sókè.

Ohun tó lè so ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ nìyẹn. Kí ẹgbẹ́ kan gba àwọn tó wà ní lẹ́tà, kí òmíràn gba àwọn tó wà ní ọ̀rọ̀, kí ẹ̀kẹta gba àwọn tó ti ń ka ìtàn.

Alfa_Karu:

Mo kí gbogbo ilé o. Tíṣà sọ̀rọ̀ ire, àmọ́ ibi tó parí sí ni ìjà ti máa bẹ̀rẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ni ìpele lẹ́tà, ẹni tó bá wà ní lẹ́tà gbọ́dọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Bàbá tó jẹ́ Mùsùlùmí ò ní jẹ́ kọ́mọ rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá tó jẹ́ Kristẹni ò ní rán tirẹ̀ wá sílé-kéwú mi torí pé ibẹ̀ ni ìpele ọ̀rọ̀ wà. Wọn ò kórìíra ara wọn. Ọmọ wọn ni wọ́n ń ṣọ́. Lókè ọya níbí, ohun tí ojú àwọn àgbà ti rí ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ yẹpẹrẹ mú irú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni mo rò pé ó yẹ. Kì í ṣe ti ìmáàmù, kì í ṣe ti pásítọ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni àkókò. Ẹ wo ọmọ tó ti jí ní ìdájí, tó pọn omi, tó lọ síléèwé, tó dé tó jẹun bó bá sí, tó wá sílé-kéwú lẹ́yìn Àìlà, tó tún sáré lọ sí lẹ́sìnnì ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn Aláásàrì torí wọ́n ń fúnni ní ìwé níbẹ̀. Ó ń sùn lójú mi ni. A ò kí ń ṣe kéwú ní Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Jímọ̀. Àwọn ọjọ́ méjèèjì ṣófo fún wa, kò sì sẹ́ni tó bi wá léèrè rí nínú àwọn tó ń dá lẹ́sìnnì sílẹ̀. Bí ẹ bá fi lẹ́sìnnì sí Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn iléèwé, àti Jímọ̀ láti aago mẹ́ta, èmi fúnra mi ni mo máa kéde ẹ̀ fáwọn òbí.

Àgùnbánirọ̀_FCT:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa. Ọjọ́bọ̀ gan-an ni CDS ẹgbẹ́ wa, ìyẹn bọ́ sí i.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹ má fi kíláàsì lé wa lọ́wọ́ nìkan. Ọdún kan péré la ń lò. Bí a bá ṣe ń mọ orúkọ àwọn ọmọ ni ìwé ìparí iṣẹ́ ń dé. Àwọn tó bá tẹ̀ lé wa á wá bẹ̀rẹ̀ látorí A, B, D lẹ́ẹ̀kan sí i fún ọmọ tó ti ń ka ìpínrọ̀. Kí ẹni tó ń gbé àdúgbò ni kíláàsì, ká wá máa ràn án lọ́wọ́. Ibi tí a ti lè wúlò jù ni ọjọ́ àyẹ̀wò, torí a pọ̀, a lè yẹ ọ̀pọ̀ ọmọ wò lọ́sàn-án kan ṣoṣo. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní ojú ìwé tirẹ̀ nínú ìwé ńlá kan tó máa wà lọ́dọ̀ yín: ibi tó dé, ọjọ́ tí a yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó ń kọ́ ọ.

Ọ̀gá_Apo:

Ẹ máà bínú, èmi ò fara mọ́ ọn. Mẹkáníìkì ni mí, owó tí mo dá fún ẹgbẹ́, mo fẹ́ rí ohun tó ṣe. Ká kọ́ gbọ̀ngàn tiwa, ká kọ orúkọ ẹgbẹ́ sára rẹ̀, ká sì fi Yorùbá kún ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, torí àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí ń gbàgbé èdè.

Èyí tó tún ń dùn mí ni pé ẹ ti gbàgbé ọdún 2025. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba fi wà ní títì ní gbogbo FCT, ìyẹn agbègbè Àbújá, torí owó oṣù ₦70,000 táwọn tíṣà ń béèrè. Ọmọ ẹni tó lówó ń lọ síléèwé aládàáni, ọmọ tálákà wà nílé. Bí ẹ bá kó gbogbo ètò sínú ọgbà ìjọba, ọjọ́ tí wọ́n bá ti géètì ni tiyín náà tì.

Tíṣà_Karu:

Ọ̀gá, òótọ́ ni ti 2025, mo wà nínú ẹ̀. Mi ò ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Ó yẹ kí ibi kejì wà nílẹ̀ tí àwọn ọmọ máa sá lọ bí géètì bá tì. Ojúde ilé maì-àǹgúwà, olórí àdúgbò, dára, ìbòji wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀sìn ló sì ń dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn tuntun, rárá. Iye tí ilẹ̀ nìkan máa gbà ní Jikwoyi nísinsìnyí á ra ìwé, ṣọ́ọ̀kì àti owó ọkọ̀ àwọn olùkọ́ fún ìgbà pípẹ́, yàrá ìkàwé ìjọba sì ń ṣófo láti ọ̀sán lọ. Láwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ń ṣe ìpele àárọ̀ àti ọ̀sán, yàrá ò ní ṣófo, kí ẹ béèrè kí ẹ tó lọ.

Ọ̀rọ̀ èdè wá jẹ mí lógún. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ bí èdè kan. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Àwa Yorùbá la ni ẹ̀rí yẹn, ó sì yẹ ká mọ ohun tó ń sọ fún wa níbí. Èdè tó yé ọmọ ni ká bá a sọ. Ní Jikwoyi, Haúsá lèdè tí ọ̀pọ̀ wọn jọ ń gbọ́, àwọn ọmọ Gbagyi sì ní tiwọn. Bí olùkọ́ yín bá fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ìyọkúrò jẹ́, kó fi Haúsá ṣàlàyé ẹ̀, kó tó padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi Yorùbá sí Sátidé fáwọn ọmọ wa. Ìyẹn náà ṣe pàtàkì, àmọ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni.

ỌmọỌ̀fà_Kano:

Sabon Gari ni wọ́n bí mi sí. Ọ̀rọ̀ àwọn tí Ìyá Jikwoyi rí lójú títì ni mo fẹ́ sọ sí, torí ẹ ti fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ló sì yẹ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ wọn.

Àwọn ọmọbìnrin tó ń kiri ọjà, èyí tí Haúsá ń pè ní talla, ẹ má ka ìyá wọn sí ìkà. Ní Kano níbí, ọ̀pọ̀ obìnrin ló wà ní ẹ̀há. Inú ilé ni wọ́n ti ń dín máásà àti kòsáì, ìyẹn àkàrà, ọmọ ló ń bá wọn gbé e jáde. Bí ọmọ bá jókòó sí kíláàsì, ọjà ìyá náà jókòó sílé, oúnjẹ alẹ́ sì nìyẹn. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí obìnrin bíi tiwọn lọ bá wọn nínú ilé, torí ọkùnrin ò lè wọlé lọ bá wọn, kó béèrè ìgbà tí ọjà kì í yá. Kòsáì àárọ̀ máa ń tán kí oòrùn tó mú, ti ìrọ̀lẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó kí Aláásàrì. Àárín ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọlé sí. Kẹ́ ẹ sì wá ibi kan tí ọmọ á gbé àwo rẹ̀ sí tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ àwo yẹn ló ń lé ọ̀pọ̀ wọn sẹ́yìn.

Àwọn àlùmájìrí ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ málàmù wọn. Kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti pè wọ́n, kẹ́ ẹ má sì fi búrẹ́dì fà wọ́n. Òun ni àwọn òbí fi wọ́n lé lọ́wọ́. Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀ ni ìsinmi tiwọn náà, ó bá ohun tí Alfa sọ mu. Kẹ́ ẹ sì má pè wọ́n ní ọmọ tí ò mọ̀wé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ka lẹ́tà Lárúbáwá, àwọn mìíràn sì lè fi àjàmí, ìyẹn lẹ́tà Lárúbáwá, kọ Haúsá. Ọmọ tó ti mọ̀ pé àmì kan dúró fún ohùn kan ti kọjá ibi tó le jù. A máa ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò pẹ̀lú wọn, torí owó tí wọ́n ń gbà tí wọ́n sì ń ná ti kọ́ wọn ní púpọ̀, ìyẹn sì máa ń fún wọn ní ìgboyà láti gba ABD.

Lọ́dún 2023, òfin tó dá àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ àlùmájìrí àtàwọn ọmọ tí ò sí níléèwé sílẹ̀ jáde. Ó dára kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó wà. Àmọ́ málàmù tó wà ládùúgbò yín lẹ máa rí láàárọ̀ ọ̀la.

Màmá_Ìbejì:

Mararaba ni mò ń gbé, oúnjẹ ni mo ń tà. Ṣé àwa tó wà lódìkejì ààlà lè mú ọmọ wá? Nasarawa ni wọ́n kọ wá sí, àmọ́ kò jìnnà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ní ká san owó kankan, kódà bó ṣe ₦200. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé ohun tí èèyàn ò sanwó fún kì í níyì lójú rẹ̀. Ẹni tó lọ́mọ mẹ́rin máa mú méjì wá, á fi méjì sílé, àwọn obìnrin ló sì máa ń jókòó sílé. Ohun tí mo lè ṣe ni oúnjẹ. Ebi ò jẹ́ kọ́mọ gbọ́ nǹkan kan. Bí ẹ bá ra ẹ̀wà àti gàrí, mo lè sè é ní Ọjọ́bọ̀, mi ò ní gbowó iṣẹ́.

Olùṣirò_Kubwa:

Màmá, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti Ọ̀gá lẹ́yìn lórí kí owó ní àkọsílẹ̀, àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹgbẹ́ mẹ́rin pa owó pọ̀ sínú àpò kan. Ibi tí mo ti rí i, orí ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé báńkì ni gbogbo ètò fọ́ sí. Kí ẹgbẹ́ Yorùbá ra ìwé àti ṣọ́ọ̀kì. Kí ṣọ́ọ̀ṣì gbé ẹ̀wà àti gàrí Màmá. Kí ilé-kéwú gbé àga àti ẹní wá. Kí kálukú mú ohun tirẹ̀ wá lójú gbogbo èèyàn, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé kan náà tí àgùnbánirọ̀ sọ.

Agbẹjọ́rò_Kubwa:

Ohun kan ò tíì jáde. Ààbò àwọn ọmọ.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 múlẹ̀ ní FCT, òfin tó lòdì sí ìwà ipá, ti 2015, náà sì múlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ gbọ́dọ̀ gba kí wọ́n wádìí òun, ì báà jẹ́ alfa, ì báà jẹ́ pásítọ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa. Àgbàlagbà méjì ni kó máa wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan nígbà gbogbo, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ lọ gba lẹ́sìnnì nílé olùkọ́. Kò sí rírán ọmọ níṣẹ́ ilé. Ẹ má gbé fọ́tò wọn sórí Facebook láti fi wá owó, ẹ ń ta ìtìjú wọn nìyẹn. Kí gbogbo ọmọ délé kí ilẹ̀ tó ṣú, èyí tó bá ń lọ sí Mararaba, kí àgbà kan sin ín kọjá títì. Kí gbogbo òbí mọ obìnrin kan tí wọ́n lè fẹjọ́ sùn, kí obìnrin náà má ṣe jẹ́ ara àwọn tó ń kọ́ni.

Àwọn ìlànà yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ sí, ṣáájú ọ̀rọ̀ ìwé àti ẹ̀wà. Ẹgbẹ́ tí ò bá lè fọwọ́ sí i, kó máa lọ.

Ìyá_Jikwoyi:

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ o, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Màmá Ìbejì, ẹ mú wọn wá, a ò ní bi ọmọ ní ìpínlẹ̀ tó ti wá.

Ibi tí mo fẹ́ gbé e lọ sípàdé ẹgbẹ́ rèé: a ò ní dá ìkarùn-ún sílẹ̀. Lẹ́sìnnì á wà ní Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀ nínú ọgbà ìjọba, ṣọ́ọ̀ṣì á gbé tirẹ̀ kúrò ní Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Mo ti bá pásítọ̀ wọn sọ̀rọ̀, ó gbà, ó ní òun náà ń rí àwọn ọmọ tó ń sùn. Èmi àti obìnrin Haúsá kan tá a jọ ń ránṣọ la máa wọlé bá àwọn ìyá tó ń ránmọ lọ́jà.

Ọ̀gá Apo, mo mọ̀ pé inú yín ò dùn sí ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá sọ ọ́ nípàdé bí ẹ ṣe sọ ọ́ níbí.

Ọ̀gá_Apo:

Màá wá, màá sì sọ ọ́. Èmi ṣì rò pé ohun tí ò lórúkọ wa lára, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ní mọ̀ pé a ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ fi orúkọ mi sí owó ṣọ́ọ̀kì àti ìwé ti tẹ́ẹ̀mù àkọ́kọ́. Kẹ́ ẹ sì sọ Yorùbá Sátidé yẹn di òótọ́.

Tíṣà_Karu:

Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ kéré fún ọmọ tó ti sẹ́yìn jìnnà, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà ìsinmi gígùn, ẹ jẹ́ ká ṣe é lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti fò sókè.

Lórí ọgbà: ẹ má kàn lọ bá ọ̀gá iléèwé lẹ́nu. Iléèwé ìjọba ní ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní SBMC, àwọn òbí, àwọn tíṣà àti aṣojú àwọn àgbà àdúgbò ló wà níbẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, kí ẹ fún ọ̀gá iléèwé ní ẹ̀dà kan. Kẹ́ ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, yàrá tí ẹ fẹ́ lò, ẹni tó máa gbálẹ̀ àti ẹni tó máa tún fèrèsé ṣe bó bá fọ́.

Alfa_Karu:

Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ọdẹ iléèwé tí mo mọ̀ níbẹ̀ máa ń lọ sóko rẹ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀.

Tíṣà_Karu:

Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà pé kí wọ́n fi ọ̀kan sọ́dọ̀ mi. Ilé mi ò jìnnà sí géètì.